Aago Tí Ó Ní Ìyá

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni olórí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú wa, èmi ni mo ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Inú ìyá kan náà la ti jáde, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ dé. Ó kó gbogbo ọpọlọ tó wà níbẹ̀ jáde, ó wá ṣẹ́ ariwo kù sílẹ̀ fún èmi tí mò ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó kàwé títí ìwé fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun sinmi. Èmi náà lọ sílé ìwé o. Èmi àti ìwé pàdé lọ́ọ̀ọ́kán, a kí ara wa dáadáa, kálukú sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Aláriwo ni gbogbo ayé ń pè mí. Mo sì ń dáhùn, torí tí mi ò bá dáhùn, wọ́n á ní àìsàn ń ṣe mí.

Ilé àtijọ́ ni ilé wa yìí. Ó ti pẹ́ débi pé àwọn aláǹgbá ara ògiri rẹ̀ ń pe ara wọn ní onílé, wọ́n ń wò wá bí ayálégbé. Yàrá ńlá wà níwájú, níbi tí àwọn ohun tó ń dán wà: aago gíga kan, fìtílà bàbà, kẹ̀kẹ́ tí ẹni tó kọ́kọ́ pín lẹ́tà nílùú yìí gùn, àti ọ̀nì kan tí wọ́n ki òwú bọ inú rẹ̀. Òrùlé yàrá yìí le koko. Yàrá kejì wà lẹ́yìn, ibẹ̀ ni ìwé àtijọ́ gbogbo ìlú wà nínú páálí: ìwé ilẹ̀, ìwé ẹjọ́, ìwé ìròyìn, àwòrán àwọn ilé tí wọ́n ti wó, orúkọ àwọn tí wọ́n bí àti àwọn tó kú. Òrùlé ti èyí ti di asẹ́. Bí òjò bá rọ̀ níta fún ìṣẹ́jú díẹ̀, inú yàrá yẹn á máa rọ tirẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo ti rí ọ̀pọ̀lọ́ tó wá bímọ síbẹ̀, kò tilẹ̀ wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ìjọba ìlú ló ń san owó oṣù wa àti owó iná. Ohun tó bá kù, wọ́n ní ká lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aláàánú. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi fi gbé ètò kan kalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, kó yan ohun kan nínú ilé náà, kó gbà á tọ́. Ara ohun yẹn nìkan la ó ná owó rẹ̀ sí, a ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí pátákó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun náà pé òun ni alágbàtọ́.

"Gbígbà tọ́ kẹ̀?" mo bi í. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ àwọn ará ìlú yìí o. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ ọmọ létí wọn."

"Mo kàn fi ṣàpèjúwe ni," ó ní. "Á yé wọn."

Ó yé wọn. Ó yé wọn ju bó ṣe yé òun fúnra rẹ̀ lọ. Oníbúrẹ́dì tó gba ọ̀nì tọ́ kó ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ wá kí i, ó ní kí wọ́n máa pè é ní ẹ̀gbọ́n. Èyí tó kéré jù nínú wọn kúnlẹ̀. Mẹkáníìkì tó gba kẹ̀kẹ́ tọ́ máa ń wá tẹ táyà rẹ̀ wò bí ẹní ń tẹ ikùn ọmọ bóyá ó yó.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ta gbogbo wọn yọ ni alágbàtọ́ aago. Igi dúdú ni wọ́n fi ṣe aago náà. Ó ga débi pé tí oòrùn bá ń yọ, òun ló ń kọ́kọ́ rí i, kó tó wá sọ fún wa. Tó bá lu wákàtí, adìyẹ àdúgbò kẹta á yé ẹyin tí kò tíì tó àkókò. Obìnrin tó gbà á tọ́, opó ni, aṣọ ló ń tà ní òpópónà ńlá. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún aṣọ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé tí o bá fẹ́ dé ẹ̀yìn ibẹ̀, o ní láti gbé oúnjẹ dání. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, wọ́n ti lọ sọ́nà jíjìn. Inú fóònù ni wọ́n ń gbé. Ilé rẹ̀ wá dákẹ́ rọ́rọ́. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi yan ohun tó ń pariwo jù lọ́dọ̀ wa, yàtọ̀ sí èmi.

Lójoojúmọ́, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, á yà. Á fi ìka kan nu ara aago, á gbé ìka náà lọ síbi ìmọ́lẹ̀.

"Aláriwo, ta ló nu ọmọ mi lánàá?"

"Èmi ni, mà."

"Aṣọ wo lo fi nù ún?"

"Aṣọ tó mọ́, mà."

"Èyí tó o fi nu ọ̀nì ni. Mo rí òwú lára rẹ̀. Ṣé kí àrùn ọ̀nì ran ọmọ mi lo fẹ́?"

Lọ́jọ́ kejì ó gbé aṣọ funfun kan wá, ó rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́. Ó ní ti aago nìkan ni, bí òun bá ká a mọ́ mi lọ́wọ́ níbòmíràn, òun á fi wé mi lórí. Kí oṣù tó parí, kò sẹ́ni tó rántí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Ìyá Aago ló kù.

Owó tí Ìyá Aago dá, àtèyí tó fi ojú lílekoko gbà lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ta aṣọ, mú onítúnṣe aago wá láti ìlú mìíràn. Ó tú aago palẹ̀, ó fi epo sí i nínú, ó pààrọ̀ gíláàsì, ó fi ọ̀dà kun igi rẹ̀ títí tí èèyàn fi lè rí ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Owó ṣì kù. Owó ń wá ohun tí yóò ṣe lára aago, kò rí.

Àwọn páálí ẹ̀yìn ńkọ́? Kò sẹ́ni tó gba ẹyọ kan tọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀kan wá sí yàrá iwájú, ó to ìwé inú rẹ̀ dáadáa káwọn èèyàn lè rí i. Oníbúrẹ́dì dúró níwájú rẹ̀, ó ronú, ó mirí.

"Tí mo bá wá kí eléyìí," ó ní, "kí ni mo fẹ́ bá a sọ?"

Òjò sì ń bọ̀. Ìjọba ìlú ti sọ ọ́ kedere: tí òrùlé yàrá ìwé bá ṣì ń jò nígbà tí ojú òjò bá dé, wọ́n á kó gbogbo páálí náà lọ sí olú ìlú, wọ́n á ti yàrá pa. Ẹni tó bá wá fẹ́ wo ìwé ilẹ̀ bàbá rẹ̀, kó wọ ọkọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún, kì í sunkún. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ búrẹ́dì láìmọ̀ pé búrẹ́dì lòun ń jẹ. Láti ìgbà tó ti gba iṣẹ́ yìí ló ti ń to àwọn ìwé yẹn. Ó mọ páálí kọ̀ọ̀kan bí èèyàn ṣe ń mọ ikọ́ ọmọ tirẹ̀ láàárín igba ọmọ.

Ó lọ bá Ìyá Aago, ó ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ ká fi èyí tó kù nínú owó aago tún òrùlé ẹ̀yìn ṣe.

"Ọmọ tèmi kì í gbé ẹ̀yìn," Ìyá Aago ní. "Kí àwọn tó lọ́mọ níbẹ̀ dáwó."

Ó lọ bá Alága ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó owó àánú náà, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ pé tó bá wúkọ́, ó máa ń fi àmì ìdánudúró sí i lẹ́yìn.

"Owó aago, ti aago ni," Alága ní. "Ẹni tó bá fún ọ lówó bàtà, tó o lọ fi ra fìlà, kò ní fún ọ lówó mọ́, bó ti wù kí fìlà yẹn bá ọ lórí mu tó. Tí a bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan, àánú parí nílùú yìí."

Ẹ̀gbọ́n mi ní òótọ́ ni. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn, pé òótọ́ ni.

Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń gbọ́. Orí mi, tí wọ́n ní ariwo nìkan ló wà níbẹ̀, ló bá ta pọ́ún.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́ sà," mo ní. "Ká ní ibi tí aago dúró sí ló ń jò ńkọ́? Ṣé owó aago lè tún ibẹ̀ ṣe?"

"Ó lè tún un ṣe dáadáa. Ti aago nìyẹn."

"Ẹ ṣeun, sà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Ó mọ̀ mí láti inú ìlédìí. Ṣùgbọ́n ìpàdé kan ń dúró dè é lọ́dọ̀ ìjọba ìlú, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Bó ṣe yí kọ́nà, mo ké sí àwọn alábàárù mẹ́ta ní òpópónà. Mo sọ fún wọn pé àpótí kékeré kan ni. Nígbà tí wọ́n rí i, èyí tó dàgbà jù ní òun ti gbé fìríìjì rí, òun ti gbé màlúù rí, òun ò tíì gbé ilé. A rọra mú u. Ilẹ̀ pariwo, ọwọ́ pariwo, aago náà lu wákàtí tí kò sí nínú ọjọ́ kankan. Nígbà tí a máa fi gba ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn kọjá, mo ti dàgbà ju ẹ̀gbọ́n mi lọ. A gbé e síbi tí òrùlé ti fẹjú jù. Àwọn alábàárù gba owó wọn, wọ́n ní ká má tún pe àwọn mọ́, kódà bó ṣe òkú wa la fẹ́ gbé.

Ẹ̀gbọ́n mi dé, ó rí àyè tó ṣófo níwájú.

"Aago dà?"

"Ó lọ kí àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn."

Ó sáré lọ wò ó. Nígbà tó padà, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ìgbà tí ohùn ẹ̀gbọ́n mi bá wálẹ̀ ni kóo bẹ̀rù.

"Gbé e padà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, Alága fúnra rẹ̀ ló sọ pé—"

"Mo gbọ́ ohun tó sọ. Mo tún mọ ohun tó o ṣe. O fẹ́ fọgbọ́n gba owó obìnrin yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Gbé e padà kó tó dé."

Ìyá Aago ti dé, láti ṣọ́ọ̀bù ló ti ń bọ̀. Ó dúró sẹ́yìn wa, báàgì lọ́wọ́, ó ń wo àmì onígun mẹ́rin tí ìdí aago fi sílẹ̀. Ó sọ báàgì náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Aláriwo, ọmọ mi dà?"

"Mà, ooru ń mú un níbí. Ó ní òun fẹ́ atẹ́gùn, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sẹ́yìn."

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Èyí tó fi ń dúró náà ni, mà."

"Ẹ má dá a lóhùn, mà," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Òun ló gbé e. Ó fẹ́ kí jíjò òrùlé ẹ̀yìn di ọ̀ràn aago, kí owó yín lè tún un ṣe. Mi ò rán an, àmọ́ èmi ni olórí ibí, ọrùn mi ló wà. Owó yín wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. A ó gbé aago padà."

Mo ti múra irọ́ kan sílẹ̀ tó gùn ju ọ̀nà ojú irin lọ, ó kú sí mi lẹ́nu. Ìyá Aago gba àárín wa kọjá, ó lọ sẹ́yìn. A tẹ̀lé e bí ẹlẹ́wọ̀n.

Ó wo aago rẹ̀ láàárín àwọn páálí. Ó wo òrùlé, ó rí ojú ọ̀run.

"Ẹ pe Alága fún mi," ó ní. "Kó wá ṣàlàyé fún mi bí mo ṣe máa gba owó mi, kí n sì gbé ọmọ mi lọ sílé. Ọmọ tí mo fi sọ́dọ̀ yín, ẹ lọ gbé e sábẹ́ òjò."

Mo pe Alága. Kí n tó gbé fóònù kúrò létí, òjò dé. Kì í ṣe òjò tí wọ́n ń pè lójò o. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ṣèèṣì da odò kan sórí wa. Ìyá Aago ṣí ańbùrẹ́là rẹ̀ nínú ilé, ó na án sórí aago, òun fúnra rẹ̀ dúró níta rẹ̀, omi ń ṣàn lára rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbàgbé àwa méjèèjì. Ó ti ń sáré. Ó gbé garawa síbí, ó fa tapólì sọ́hùn-ún, ó gbé páálí kúrò níbi tó ń jò lọ síbi tí kò tíì jò, ibẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Èmi náà ń gbé, ṣùgbọ́n òun ló mọ èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ gbé. Nígbà tí tapólì tán, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bo páálí kan. Nígbà tí kóòtù tán, ó tẹ̀ ba lórí páálí mìíràn, ó fi ẹ̀yìn gba omi.

"Ìwọ, olórí," Ìyá Aago ní láti ẹ̀gbẹ́ aago. "Kí ló wà nínú ìyẹn?"

"Orúkọ àwọn tí wọ́n bí lọ́dún tí odò gbé afárá lọ, mà."

"Ta ni alágbàtọ́ rẹ̀?"

"Kò ní."

"Èyí tó o fi kóòtù bò ńkọ́?"

"Òun náà ò ní, mà."

"Gbogbo wọn tó wà níbí?"

"Gbogbo wọn."

Ìyá Aago wo yàrá náà yíká. Omi ń kán láti imú rẹ̀.

"Ó mà ṣe o," ó ní. "Ọmọ òrukàn ló kúnlé báyìí. Aláriwo, ìwọ wá lọ mú ọmọ tèmi tó yó, tó dán, o gbé e sáàárín wọn, kó lè máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Rárá, mà."

"Bí omi bá bà á, ṣé ó ṣeé nù?"

"Aago? Ó ṣeé nù, mà. Ọ̀dà wà lára rẹ̀."

"Ìwé ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi ló dáhùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà lókè. "Ìwé kò ṣeé nù, mà."

"Mo mọ̀. Aṣọ ni mò ń tà. Mo mọ ohun tí omi ń ṣe fún ọjà tó wà nísàlẹ̀." Ó na ańbùrẹ́là sí mi. "Gbà."

Mo gbà á, mo nà á sórí aago. Ó gbá mi lọ́wọ́. Ó fà mí lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé ańbùrẹ́là náà dúró lórí páálí. Ó wá yọ èkejì aṣọ funfun rírọ̀ yẹn nínú báàgì, ó padà sídìí aago, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Ó ń nù ún, omi ń bà á, ó tún ń nù ún. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo dẹtí. Ó ní kó mú sùúrù, pé àwọn àbúrò rẹ̀ kò ní ẹnì kankan.

Òjò dá. Alága wọlé, ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì wà ní orúnkún, ó ń fo omi bí lékeléke. Ẹ̀gbọ́n mi kò dúró kí ẹnikẹ́ni bi í. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, kò yọ èmi sílẹ̀, kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní bí ilẹ̀ bá gbẹ, aago á padà síwájú.

"Ta ló ní kó padà?" Ìyá Aago ní.

Gbogbo wa yíjú sí i.

"Níwájú yẹn, ọ̀nì nìkan ló ń wò ó. Ó ti rí ẹgbẹ́ níbí. Ọmọ mi ti kó wá, ibi tí ọmọ mi bá sì ń gbé gbọ́dọ̀ ní òrùlé. Alága, ṣé òfin yín gbà á?"

Alága wúkọ́. "Mà, ẹ kàn lè sọ pé ẹ yọ̀ǹda owó náà fún òrùlé. Ẹ̀yin lẹ ni ín. Aago á lè padà síbi tó ti wà."

"Mi ò gba òrùlé tọ́. Aago ni mo gbà tọ́. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n máa sọ lọ́jà pé mo gba owó lọ́wọ́ ọmọ mi fi kan páànù. Tó bá ń gbé ibẹ̀, tirẹ̀ ni páànù náà. Bí àwọn yòókù bá wá sá sábẹ́ rẹ̀, ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Mo bi yín léèrè, ṣé òfin gbà á?"

"Ó gbà á," Alága ní, ó ń wo aago, "tó bá jẹ́ pé ó ń gbé ibẹ̀ ní tòótọ́. Kì í ṣe pé kó sùn títí wọ́n á fi kan páànù tán, kó wá sá lọ."

"Kò ní kúrò láé."

Ìgbà yẹn ni mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ìdùnnú wà níbẹ̀, mo rí i, ṣùgbọ́n ohun kan ń yọjú lẹ́yìn ìdùnnú náà. Yàrá ìwé ni yàrá yẹn. Àwọn tó ń wá kàwé níbẹ̀, tí ẹnìkan bá mí sókè, wọ́n á fi ojú pa á. Aago sì dúró sáàárín àwọn páálí, ó na ọrùn, ó lu wákàtí. Alága di ògiri mú.

"Mo gbà," ẹ̀gbọ́n mi ní.

Àwọn káfíńtà dé kí ọ̀sẹ̀ tó tán. Nígbà tí ojú òjò dé ní tòótọ́, a jókòó sínú yàrá ẹ̀yìn, à ń gbọ́ ọ lórí páànù tuntun bó ṣe ń bínú, kò rí ihò kan wọlé. Ìjọba ìlú rán èèyàn wá wò ó. Ó fọwọ́ pa ògiri, ó fọwọ́ pa páálí, gbogbo rẹ̀ gbẹ. Ó lọ, kò gbé ìwé kankan lọ. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ búrẹ́dì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ní ó dùn.

Èmi ni ìyà wá jẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a ṣí yàrá padà, ó tẹ orí ba ìwé. Aago lù. Bàbá náà fò sókè débi pé awò ojú rẹ̀ já sórí pẹpẹ kan, wíìgì rẹ̀ sórí òmíràn. Ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé wíìgì ni. Mo dámọ̀ràn pé ká fi aṣọ di òòlù aago náà. Ìyá Aago bi mí bóyá wọ́n fi aṣọ di èmi lẹ́nu nígbà tí mo wà lọ́mọdé, pé ì bá dára. Ó ní èmi tí mo gbé e débẹ̀ ni kí n wá nǹkan ṣe sí i.

Ohun tí mò ń ṣe nìyí. Bí wákàtí bá kù díẹ̀ kó pé, mo máa ń bọ́ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo máa ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn láti tábìlì dé tábìlì. Mo máa ń tẹ̀ sétí ẹni kọ̀ọ̀kan, èmi tí ohùn mi ti dá ìjà sílẹ̀ ní àdúgbò tí mi ò dé rí, mo máa ń sọ ọ́ bíi ti eèrà:

"Ẹ dákun, ẹ di nǹkan mú. Ọmọ Ìyá Aago fẹ́ sọ̀rọ̀."

Wọ́n á di tábìlì mú. Á lù. Wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí ọdún tí odò gbé afárá lọ, pátákó kékeré kan ti wà níbẹ̀ báyìí. Oníbúrẹ́dì ló gbà á tọ́. Ìyá Aago ló mú un wá, ó fà á lápá. Ó ní òun ò mọ ohun tó máa bá a sọ. Ìyá Aago ní kó kàn jókòó tì í, kó dákẹ́, kó máa retí aago.